Ṣíbí Méjì

Wọ́n ní kí n wá kó ẹrù ìyá àgbà kúrò nílé.
Ilé bíríkì pupa ni, ní Hull, létí odò Humber,
níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń ta iyọ̀ sára fèrèsé.
Kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó,
níbi tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó wà.

Mo ṣí agolo kan: bọ́tìnì ló kún un,
bọ́tìnì ẹ̀wù tó ti gbó kí wọ́n tó bí ìyá mi.
Mo ṣí èkejì: ẹ̀rún ọṣẹ,
tó tẹ̀ mọ́ra wọn títí wọ́n fi di odidi.
Ìgò jáàmù tò sórí pẹpẹ, ó fọwọ́ kọ̀wé sí wọn:
"1987. Òjò pọ̀ jù. Wilf kò jẹ ẹ́."

Clarice Thackray. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.
Orúkọ rẹ̀ kò sí lára òkúta iwájú ṣọ́ọ̀ṣì.
Orúkọ Leonard, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló wà níbẹ̀;
òun ló ń fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lóṣù kọkànlá,
lọ́dọọdún, títí orúnkún fi ní ó tó.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni
lálẹ́ ọjọ́ tí bọ́ǹbù já lu òpópónà wọn.
Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó gbá gíláàsì,
ó ṣa bíríkì mẹ́ta lára ògiri tó wó,
ó fi wọ́n dáná fún àwọn aládùúgbò.
Ààrò mẹ́ta ò sì da omi tíì nù.

Ó wa kíréènì ní èbúté nígbà náà.
Ọjọ́ tí ogun parí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀,
wọ́n gba ìbọ̀wọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé.
Ẹ̀ẹ̀kan péré ló sọ ọ́ létí mi:
"Láti òkè yẹn, mo máa ń rí òdìkejì odò."
Ó sì yí padà sídìí aṣọ tó ń fọ̀.

Wilf bọ̀ láti ojú òkun, níbi tó ti ń hú bọ́ǹbù inú omi.
Ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé.
Oorun nìkan ni kò bá a bọ̀.
Tó bá di agogo méjì òru, á sọ̀ kalẹ̀ sí ilé ìdáná,
Clarice náà á sọ̀ kalẹ̀.
Kò ní béèrè nǹkan kan.
Á gbé abọ́ ọ̀dùnkún sáàárín àwọn méjèèjì,
ọ̀bẹ kan fún ọkọ, ọ̀kan fún ara rẹ̀,
wọ́n á máa bó o títí fèrèsé yóò fi funfun.
Ọdún mọ́kànlá.
Ìyá mi jẹ ọ̀dùnkún láàárọ̀ jálẹ̀ ìgbà èwe rẹ̀,
kò mọ ohun tó fà á.

A-so-ẹ̀rún-ọṣẹ-dodidi,
a-fi-ọ̀bẹ-kékeré-ṣọ́-òru-ọkọ,
ṣé o sinmi rí?
N kò ní purọ́ pé ayọ̀ ni gbogbo rẹ̀.
Ó máa ń dákẹ́ nígbà mìíràn, ìdákẹ́ tó ń ti ilẹ̀kùn.

Nígbà ogun, tí ìjọba ń wọn ṣúgà bí ẹni wọn oògùn,
ó fi ṣúgà inú tíì sílẹ̀,
ó ń kó tirẹ̀ pa mọ́ sínú agolo aláwọ̀ búlúù
de ọjọ́ tí Wilf bá gúnlẹ̀.
Ogun parí. Ṣúgà pọ̀ lọ́jà. Wilf kú.
Kò padà sí i.
Gbogbo wa gbà pé kò fẹ́ràn rẹ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn, ìyá mi po tíì lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.
Ó gbọ́ tó ní, "Ṣíbí méjì."
A wo ara wa.
Ó mu ún díẹ̀díẹ̀, ó pa ojú dé,
ó ní, "Ó ṣì dùn bẹ́ẹ̀."

Mo ti kó bọ́tìnì. Mo fi ọṣẹ sílẹ̀.
Mo ti ilẹ̀kùn,
mo dá kọ́kọ́rọ́ padà sábẹ́ ìkòkò òdòdó.
Ta ló mọ ẹni tó ṣì máa wá.